Ilé Aṣọ Màmá Sprague

Ní ìlú Tarbell tó wà létí òkun, èèyàn lè kọ ìyàwó sílẹ̀ láàárọ̀ kó fẹ́ òmíràn nírọ̀lẹ́, àwọn ará àdúgbò á kàn gbé oúnjẹ wá kí i ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó kun ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní ọ̀dà tí kò sí láyé àwọn baba ńlá, kó tó fọ búrọ́ọ̀ṣì tán, ìgbìmọ̀ ti ránṣẹ́ pè é. Ìgbìmọ̀ Ilé Àtijọ́ ni mò ń wí. Èèyàn márùn-ún ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn ilé tó ti gbó ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe fẹ́ràn ẹbí ìyàwó wọn lọ. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, àkísà yìí gan-an sì ni Tarbell fi ń yangàn. Bí o bá fẹ́ fi yàrá kún ilé rẹ níbẹ̀, tàbí o fẹ́ wó apá kan rẹ̀, àfi kí o kọ́kọ́ dúró níwájú àwọn márùn-ún yìí.

Verna Sprague, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé, ti dúró níwájú wọn títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n fún un ní àga tirẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń tọrọ kò pọ̀. Ó fẹ́ wó ahéré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilé wọn ní Òpópónà Ẹja, kó sì kọ́ yàrá kan ṣoṣo sí ipò rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun àti balùwẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ kó máa gbé ibẹ̀. Màmá Ardith Sprague ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Orí àtẹ̀gùn ilé náà, tó dúró ṣánṣán bí àkàbà, ló ti já bọ́ tí egungun ìbàdí rẹ̀ fi ṣẹ́. Láti ìgbà náà ló ti wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó lódìkejì afárá, dókítà sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí kò bá sí yàrá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ àtipadà sílé. Màmá kì í ráhùn. Ìbéèrè kan ló máa ń bi Verna tó bá ti fẹ́ máa lọ: "Ṣé wọ́n ti dìbò?" Ẹ̀rù tó ń ba Verna ni pé lọ́jọ́ tí òun bá máa fi lè dáhùn pé wọ́n ti dìbò, ẹni tó ń béèrè lè má sí mọ́.

Alága ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Prescott Nye, ni ọ̀rọ̀ náà há sí lọ́wọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé ohunkóhun tí wọ́n bá kọ́ lẹ́yìn tí baba baba rẹ̀ ti kú, ojú ìfura ló fi ń wò ó. Ìbéèrè kan ló ní, kò ní méjì: "Ṣé ó hàn láti ojú títì?" Tí ohun kan kò bá hàn láti ojú títì, agbára ìgbìmọ̀ kò dé ibẹ̀, èèyàn lè kan odindi ọkọ̀ ojú omi sẹ́yìn ilé rẹ̀. Tó bá hàn, èèyàn ti wọ gàù. Fèrèsé tí Verna fẹ́ fún yàrá ìyá rẹ̀, èyí tó máa yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, hàn láti ojú títì, ó sì fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà. Nye fẹ́ kó rí tóóró, kó ní ojú wẹ́wẹ́, bíi tàwọn ará ìgbàanì tí wọ́n ń sá fún òtútù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí fèrèsé báyìí, á yọ awò ojú rẹ̀, á nù ún, á ní, "Ẹ jẹ́ ká sún un síwájú." Wọ́n á sì sún un síwájú. Wọ́n ti sún un síwájú láti ìgbà òjò dídì títí igi píà ẹ̀gbẹ́ ilé fi rúwé.

Níkẹyìn, wọ́n ní kí Verna gbé ilé aṣọ kalẹ̀. Àṣà Tarbell nìyẹn. Bí ìgbìmọ̀ kò bá lè fojú inú rí ohun tí o fẹ́ kọ́, wọ́n á ní kí o ri òpó mọ́ gbogbo igun ibi tí yàrá tuntun máa dé, kí o ta àwọ̀n tàbí aṣọ yí i ká, kó ga bí yóò ṣe ga, kó fẹ̀ bí yóò ṣe fẹ̀. Òfin kan sì so mọ́ ọn. Nígbà kan rí, bàbá olówó kan wà tó máa ń yọ́ lọ gé òpó tirẹ̀ kúrú díẹ̀díẹ̀, títí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó fẹ́ kọ́ fi rí bí ilé adìẹ lójú ìgbìmọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà wà níbẹ̀ dòní, ó ń ṣíji bo ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tí Nye fi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin pé, tí ìgbìmọ̀ bá ti yẹ ilé aṣọ wò, tí akọ̀wé sì ti kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ohun tí akọ̀wé kọ kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan títí wọn yóò fi dìbò.

Lyle, ọmọ àbúrò bàbá Verna, ló bá a ri òpó. Nígbà tí àwọ̀n kò ká a, Verna ṣí àpótí ìyá rẹ̀, ó kó gbogbo aṣọ ibùsùn ibẹ̀ jáde, aṣọ olódòdó pupa, olódòdó yẹ́lò, àtèyí tí wọ́n ya ẹyẹ sí. Ó fi síṣọ́ọ̀sì gé ojú fèrèsé sí ara ọ̀kan. Ó gé e fẹ̀. "Bí wọ́n bá máa bínú," ó ní, "kí wọ́n kúkú bínú sí nǹkan tó tó bínú sí."

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ń bọ̀ bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, Verna sì ti lọ tọrọ ìyá rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú pé kó wá jẹun ọ̀sán nílé. Wọ́n jẹ ọbẹ̀ oníwàrà àti ẹja kọ́ọ̀dù. Bí Màmá ti nu ẹnu tán, ó ní, "Verna, tì mí lọ wo yàrá mi."

"Màámi, aṣọ ni o. Kò tíì di yàrá."

"Ṣé mo ní kí o tì mí lọ sùn níbẹ̀ ni? Mo ní kí n wò ó."

Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé inú ilé aṣọ. Ó wò yíká. Ó ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń wo yàrá, ni Lyle bá sáré gbé àga onítìmùtìmù rẹ̀ jáde láti pálọ̀. Wọ́n gbé e jókòó sí i, ó kọjú sí ojú fèrèsé tí Verna gé, ó sì mí kanlẹ̀. "Ẹ fi mí sílẹ̀ síbí ná," ó ní. "Díẹ̀ ni."

Ìgbìmọ̀ dé. Atẹ́gùn ń fẹ́ bọ̀ láti èbúté, gbogbo òdòdó ara ilé aṣọ sì ń jó. Prescott Nye ló ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Joline Macomber, akọ̀wé, tẹ̀ lé e, obìnrin tó máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, kódà bí Alága bá húkọ́. Bud Rezendes náà wà níbẹ̀, òun ló ń kan òrùlé fún ìdajì ìlú. Àwọn méjì tó kù jẹ́ tọkọtaya tí wọn kì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ wo ojú ara wọn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi sọ̀rọ̀ rárá.

Ara ahéré ni Nye kọ́kọ́ lọ. Ó fi ọ̀pá kan án pẹ̀lẹ́. "Ẹ wo pákó yìí. Ó lè ti pẹ́ gan-an o. A gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa ká tó ní kí wọ́n wó o."

"Alága," ni Bud wí, "igi ìdáná tí wọ́n tò sínú rẹ̀ ló mú un dúró. Bí Verna bá fi dáná tán lọ́dún yìí, ó ti wó fúnra rẹ̀ nìyẹn, kò ní dúró de ìbò wa."

Kí Bud tó sọ ọ́ tán, Nye ti yí padà. Ó ti jáde sójú títì, ó ń fi ojú kan wo gíga ilé aṣọ. Joline wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ń kọ jáde. "Òpó, mẹ́rin. Aṣọ ibùsùn, olódòdó. Fèrèsé, ọ̀kan, ńlá." Ó yọjú wo inú. "Àga onítìmùtìmù, ọ̀kan..."

"Ẹ káàsán o," ni àga náà wí.

Joline fò sẹ́yìn. "Alága! Màmá Sprague wà nínú rẹ̀!"

"Kọ ọ́ sílẹ̀, Joline, kọ ọ́ sílẹ̀," ni Nye wí láti ojú títì. Etí rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wọn, gíga ilé aṣọ ló gbájú mọ́. "Gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ ni kí o kọ."

Joline kọ ọ́. Ó gbé ìwé rẹ̀ yí wọn ká, àwọn márààrún sì fọwọ́ sí i bí ìṣe wọn, láìka á. Wọ́n dúró lórí koríko, Nye ṣí ìpàdé. Verna rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi awò ojú. Nye nu awò náà. "Ọ̀rọ̀ ahéré ò le," ó ní. "Yàrá náà ò burú. Ṣùgbọ́n fèrèsé yìí... Ẹ jẹ́ ká sún un síwájú di oṣù tó ń bọ̀."

Ó dun Verna. Ó ń ro bí òun á ṣe ti ìyá òun padà kọjá afárá, tí òun á tún sọ pé wọn ò tíì dìbò. Inú ilé aṣọ ni ohùn kan ti jáde.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Verna, lọ bá mi mú búláńkẹ́ẹ̀tì wá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màmá?" ni Nye bi í.

"Mo fẹ́ fi bora di oṣù tó ń bọ̀ ni. Akọ̀wé yín ti kọ mí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé mi kúrò níbí títí ẹ ó fi dìbò."

Bud Rezendes yí ojú sí ọ̀nà èbúté. Èjìká rẹ̀ ń mì.

"Màmá," ni Nye wí pẹ̀lú sùúrù, "òfin yẹn kì í ṣe tèèyàn."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe tèèyàn?"

Nye wo Joline. Joline ṣí ìwé, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Kò sí níbẹ̀, Alága. Orúkọ Màmá ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn fèrèsé àti àga. Ẹ sì ti fọwọ́ sí i."

"Ó dáa, ká yí òfin náà padà báyìí."

"Inú gbọ̀ngàn ìlú nìkan la ti lè yí i padà, lẹ́yìn tí a bá ti lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ìyẹn."

Bí ìròyìn ṣe máa ń rìn ní Tarbell, èmi ò mọ̀. Kí Joline tó pa ìwé rẹ̀ dé, Òpópónà Ẹja ti kún. Obìnrin ọ̀kánkán ilé gbé páì wá, ó ní ìjókòó tó bá máa di oṣù tó ń bọ̀ kò ṣeé fi ebi jókòó. Lyle ti dáná, ó ti ń yan sọ́sééjì. Àwọn ọmọ tí Verna ń fi bọ́ọ̀sì gbé gun igi píà lọ bẹẹrẹ, wọ́n ń pariwo pé, "Màmá, ẹ má dìde o!" Màmá sì ń fi ọwọ́ dá wọn lóhùn láti ojú fèrèsé aṣọ bí ọbabìnrin tó ń kí ìlú.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ilé ìtọ́jú dé. Kip ni orúkọ awakọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin gìrìwò kan. Ó ní òun wá gbé Màmá Sprague padà.

"O ò lè gbé e," ni Bud wí fún un. "Apá kan ilé ni."

"Ilé wo?"

"Ilé tá ò tíì kọ́."

Kip wo Bud, ó wo aṣọ olódòdó, ó wo arúgbó tó ń juwọ́ sí i. Wọ́n gbé páì lé e lọ́wọ́, ó sì jókòó sórí koríko. Kò tún béèrè nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà àfi bóyá páì ṣì kù.

Nye nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó súnmọ́ ilé aṣọ láti tún wọn fèrèsé, bóyá ó rò pé á ti dín kù fúnra rẹ̀. Bó ṣe na ọwọ́ báyìí ni atẹ́gùn kan fẹ́ gììrì láti èbúté. Aṣọ tí wọ́n ya ẹyẹ sí já kúrò lára òpó, ó gbá Alága mọ́ra, ó wé e láti orí dé orúnkún, wọn ò sì rí nǹkan kan nínú Prescott Nye mọ́ àyàfi ọ̀pá àti bàtà. Ó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ sí ọ̀tún, ó ta sí òsì, ó fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ilé aṣọ lọ. Gbogbo òpópónà bú sẹ́rìn-ín. Verna sáré lọ di aṣọ náà mú, ó ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu, ẹ̀rín ń pa á nínú.

"Jókòó, ọmọ Nye," ni Màmá wí. "O ti ń ga mọ́ mi lójú láti ìgbà tí o ti dé."

Garawa kan wà níbẹ̀ tí Lyle dojú rẹ̀ dé. Nye jókòó lé e, ẹyẹ ṣì wà léjìká rẹ̀. Níbi tó jókòó sí, kò sí ibi tó lè wò àfi ojú fèrèsé. Ó wò ó. Verna, tó di aṣọ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, náà wo ohun tó ń wò. Igi píà ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ so rọ̀ sára rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo Òpópónà Ẹja wà, títí dé ibi tí orí àwọn ọkọ̀ ti ń mì lórí omi. Ọmọ kékeré kan lórí igi juwọ́. Kí Nye tó mọ ohun tó ń ṣe, òun náà ti juwọ́ padà.

"Níbi tí wọ́n fi mí sí," ni Màmá wí, "ògiri àti agolo ìdọ̀tí ni fèrèsé mi kọjú sí. Mo ti fún àwọn agolo yẹn lórúkọ. Èyí tó sanra jù ń jẹ́ Prescott."

Nye húkọ́. Joline kọ ọ́ sílẹ̀.

"Màmá, ọ̀rọ̀ fèrèsé yìí," ó ní, "tó bá fẹ̀ tó báyìí, gbogbo ayé ni yóò máa rí yín láti ojú títì."

"Kí lo wá rò pé mo fẹ́?"

Màmá na ìka sí igi píà.

"Nígbà tí o wà lọ́mọdé, tí o já bọ́ láti orí igi píà yẹn, tí apá rẹ kán, tí o dákú sínú koríko, ta ló rí ọ?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ibo ni mo wà?"

"Lójú fèrèsé òkè."

"Ẹsẹ̀ mi ń gun àtẹ̀gùn nígbà yẹn," ni Màmá wí. Ó gbé ojú padà síta, ó ní kí àwọn ọmọ má fi ara kọ́ ẹ̀ka kékeré.

Nye dìde, ó fa aṣọ ẹlẹ́yẹ kúrò léjìká, ó ká a dáadáa, ó sì gbé e fún Verna. "Ta ló ní àbá?" ó ní.

"Mo dábàá pé ká gbà kí wọ́n wó ahéré," ni Bud wí kíákíá, kí Nye má bàá yí ọkàn padà, "ká sì fọwọ́ sí yàrá náà gẹ́gẹ́ bó ṣe dúró yìí, ká má yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀."

Tọkọtaya yẹn wo ojú ara wọn. "A gbè é lẹ́yìn," ni wọ́n wí lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu. Ọwọ́ márààrún lọ sókè.

Verna sunkún níbẹ̀, kò fi pamọ́. Ó fi aṣọ ẹlẹ́yẹ nu ojú, ó fi nu imú pẹ̀lú. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí i. "Ṣé wọ́n ti dìbò?"

"Wọ́n ti dìbò, Màámi."

"Ó dáa. Ẹ wá gbé mi dìde. Ìdí ń ro mí."

Nígbà tí yàrá parí, tí igi píà ń so, ọ̀gá ilé ìtọ́jú tún fẹ́ lọ́ra, ó ní òtútù ń bọ̀, ó ní arúgbó ò ṣeé fi wewu. Verna tẹ́ ìwé ìgbìmọ̀ síwájú rẹ̀: òpó, fèrèsé ńlá, àga onítìmùtìmù, Ìyáàfin Ardith Sprague, kí wọ́n má yọ nǹkan kan kúrò. "Ṣé ẹ rí i, sà," ó ní, "tí kò bá sí níbẹ̀, ilé wa ti rú òfin nìyẹn." Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ sí i.

Bí Màmá ṣe padà sí Òpópónà Ẹja nìyẹn. Láràárọ̀, tí Verna bá wa bọ́ọ̀sì kọjá, á fọn fèrè, Màmá á gbé ọwọ́ sókè lójú fèrèsé, gbogbo ọmọ inú bọ́ọ̀sì á sì ké, "Màmá-a-a!" títí wọn yóò fi yà sí kọ̀rọ̀. Òjò dídì wá, ó lọ, ó tún wá, ọwọ́ náà kò yẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Màmá sùn lóru ọjọ́ kan, kò sì jí láàárọ̀. Wọ́n sin ín. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Verna lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀.

"Mo wá tọrọ àṣẹ láti mú nǹkan kan kúrò nínú yàrá wa," ó ní. "Àga yẹn ni. Mi ò lè máa wa bọ́ọ̀sì kọjá kí n máa rí i lófìfo."

Nye yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.

"Ṣé ó hàn láti ojú títì?" ó bi í.

"Ó hàn, sà."

"Ó wà lábẹ́ àṣẹ wa nígbà yẹn." Ó wo àwọn yòókù. "Ta ló fẹ́ kó kúrò?"

Ọwọ́ kankan kò lọ sókè.

"A ò gbà," ni Alága wí, ó sì sáré pe ọ̀rọ̀ tó kàn.

Inú bí Verna. Inú ṣì ń bí i nígbà tó kó àwọn ọmọ sínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí gbogbo wọn dákẹ́ bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ Òpópónà Ẹja, bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ìgbà ìsìnkú. Ó ti pinnu pé òun ò ní wo ọ̀tún. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣèèṣì lọ sórí fèrè, tí fèrè fi dún.

Ní ojú fèrèsé ńlá náà, Prescott Nye jókòó sínú àga onítìmùtìmù pẹ̀lú fìlà àti kóòtù rẹ̀, kọfí wà lórí itan rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè.

Àwọn ọmọ kọ́kọ́ rọ́ lọ sẹ́bàá fèrèsé bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan láti ẹ̀yìn pariwo, "Màmá-a-a!", gbogbo bọ́ọ̀sì sì gbà á.